Àwa márùn-ún tí oníkálukú ń dá kọ kóòdù fẹ́ di ẹgbẹ́: kí la máa kọ́kọ́ yanjú?

Ọmọ Agodi

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí. A jẹ́ márùn-ún níbí ní Ìbàdàn, oníkálukú ló ń dá iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe. Ẹni méjì ń ṣe wẹ́ẹ̀bù, ẹnì kan ń kọ áàpù fóònù, ẹnì kan ń bójú tó sáfà (kọ̀ǹpútà tí áàpù ń gbé lórí rẹ̀) àti dátà, ẹnì karùn-ún ló máa ń ya bí áàpù yóò ṣe rí kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kóòdù. Ó ti pẹ́ tí a ti ń ran ara wa lọ́wọ́. Bí tèmi bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ lóru, mo pe ẹnì kan, a jọ máa wò ó títí yóò fi ṣiṣẹ́. Owó kì í sí níbẹ̀.

Ní báyìí, oníbàárà kan ní Kánádà fẹ́ gbé iṣẹ́ ńlá fún mi, èyí tí ẹnì kan ò lè dá ṣe. Mo sọ fún un pé a pọ̀. Ó ní kí n fi orúkọ ẹgbẹ́ wa ránṣẹ́, kí n sọ ẹni tí yóò fọwọ́ sí àdéhùn àti àkáǹtì tí owó yóò wọ̀. A wo ara wa lójú, kò sẹ́ni tó ní ìdáhùn. Lójú tèmi, ká ṣe é bí àáró: lónìí a ṣe tìrẹ, lọ́la a ṣe tèmi. Àwọn yòókù ní ìyẹn ò lè tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀? Ṣé CAC (àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò àti kọ́ńpìnnì sílẹ̀) ni, ṣé lọ́yà ni, àbí owó?

Akọkóòdù Yábàá

Owó ni o, àbúrò. Ẹ má tíì sáré lọ sí CAC. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà láàárín àwọn akọkóòdù ní Yábàá, mo sì ti rí ẹgbẹ́ tó tú ká. N kò tíì rí èyí tó tú torí pé wọn ò mọ iṣẹ́. Owó tí wọn ò sọ̀rọ̀ rẹ̀ kó tó dé ló ń tú wọn ká.

Ọ̀rọ̀ àáró tí o mú wá dára, ṣùgbọ́n wò ó dáadáa. Lóko, ojú gbogbo èèyàn ló rí iye ebè tí kálukú kọ. Nínú kóòdù, ẹnì kan lè fi ọjọ́ méjì wá ibi tí àṣìṣe wà, kó wá jẹ́ pé ìlà kan péré ni yóò yí padà. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ á ní kò ṣe nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ dá iye lé apá kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ náà kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe tiwa rèé. Ká ní iṣẹ́ kan jẹ́ $4,000. Ohun tí báńkì àti àwọn tó gbé owó wá bá yọ, gbogbo wa la jọ ń ru ú, a ti máa ń yọ ọ́ kúrò kí a tó pín. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná kí ìṣirò lè rọrùn. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn $400, wọ àpò ẹgbẹ́. Ẹni tó mú oníbàárà wá gba $200. Ẹni tó ń darí iṣẹ́, tó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, tó sì ń ka kóòdù gbogbo wa kó tó wọlé, gba $400. Ó ku $3,000. Èyí la pín sórí iṣẹ́ gan-an: apá ibi tí dátà àti ìsanwó wà, $1,400, ojú áàpù, $1,000, àwòrán àti ìdánwò, $600. A ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí a tó sọ iye owó fún oníbàárà, gbogbo wa á sì fèsì "mo gbà" lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá rí i pé $600 kéré fún ìdánwò, ìgbà yẹn ni kó wí, kí ó má jẹ́ ìgbà tí owó bá wọlé.

Ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní gbogbo owó rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ dá díẹ̀ dúró fún oṣù kan. Àṣìṣe inú kóòdù tí ẹ gbé sílẹ̀ lónìí lè má jáde títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí ẹni tó kọ ọ́ bá sì ti gba owó tán tó ti wọ iṣẹ́ mìíràn, ẹ ó pe fóònù rẹ̀ títí ni.

Ọ̀dọ́ Òṣogbo

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n bi yín o: kí ló dé tí ẹ ò fi wákàtí pín in? Lọ́dọ̀ wa, kálukú ń kọ wákàtí tó lò sílẹ̀, a sì ń pín owó gẹ́gẹ́ bí wákàtí ṣe pọ̀ sí. Ó dà bíi pé ìyẹn ló tọ́ jù.

Akọkóòdù Yábàá

Bí oníbàárà bá ń sanwó ní wákàtí, wákàtí ni kí ẹ fi pín, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n bí owó iṣẹ́ bá ti dúró lójú kan, ẹni tó mọ iṣẹ́ jù ló ń pàdánù. Ẹni tó fi wákàtí mẹ́rin parí tirẹ̀ á gba díẹ̀, ẹni tó fi ogún wákàtí ṣe irú rẹ̀ á kó èyí tó pọ̀ lọ. Láìpẹ́, ẹni tó yára á bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, tàbí kó bá tirẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ gbé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ró, èyí tó dára púpọ̀, inú àpò ẹgbẹ́ ni kí ẹ ti san owó ìkọ́ṣẹ́ wọn, kí ó má ṣe jẹ́ nínú owó ẹnì kan.

Oníṣirò Àkúrẹ́

Ẹ kú àjọṣe o. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe, àwọn akọkóòdù sì wà lára àwọn tí mò ń bá tọ́jú ìwé. Mo fara mọ́ ọn pé owó ló ṣáájú, ṣùgbọ́n CAC kò gbọdọ̀ jìnnà sí i, nítorí oníbàárà Kánádà yẹn ti ń dúró.

Orúkọ òwò ló rọrùn jù láti fi sílẹ̀ ní CAC, òun náà ni owó rẹ̀ kéré jù. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tó rọ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá jẹ́ alájọṣe lábẹ́ orúkọ òwò lásán, gbèsè ẹgbẹ́ di gbèsè yín. Bí oníbàárà bá pè yín lẹ́jọ́ pé ẹ ba iṣẹ́ òun jẹ́, tó sì jàre, ó lè kan ilẹ̀ tàbí mọ́tò ẹni tí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ náà. Òfin CAMA ti ọdún 2020, òfin tó de àwọn kọ́ńpìnnì, ṣí ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń pè ní LLP, ìyẹn àjọṣe tí gbèsè rẹ̀ ní ààlà. Èèyàn méjì ti tó láti dá a sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà á di ẹni kan lójú òfin, ó lè ní dúkìá, ó lè jẹ gbèsè lórúkọ ara rẹ̀, ewu tìrẹ kò sì ní í kọjá ohun tí o dá síbẹ̀. Ẹni méjì lẹ ó yàn gẹ́gẹ́ bí alámòójútó, ọ̀kan nínú wọn sì gbọ́dọ̀ máa gbé ní Nàìjíríà. Fún ẹ̀yin márùn-ún, ibẹ̀ ni mo máa tọ́ka sí.

Bí ẹ bá yan kọ́ńpìnnì, ẹ má ṣe fi gbogbo ìpín sórúkọ ẹnì kan kó lè yá o! Mo ti rí i. Ọjọ́ tí ìjà bá dé, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìpín ló ni kọ́ńpìnnì, ohun yòówù tí ẹ ti jọ fẹnu sọ.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà wà. Ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ lẹ ti máa fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ sì ní kí ẹ pé mẹ́wàá ó kéré tán. Ẹ ò tíì pé.

Ní ti owó orí, òfin tuntun ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026. ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú ohun tó ń wọlé fún èèyàn lọ́dún kò ní owó orí. Ẹni tó ń gbé Nàìjíríà sì ń san owó orí lórí èyí tó wọlé láti òkè òkun pẹ̀lú, yálà inú báńkì ló wà tàbí inú áàpù dọ́là. Ibi tó kan yín nìyí: bí $4,000 tí Yábàá ń sọ yẹn bá gba àkáǹtì Agodi nìkan wọlé, tí Agodi wá ń fi ránṣẹ́ sí àwọn yòókù, lójú àwọn agbowó orí, gbogbo $4,000 náà, ti Agodi ni. Ìwé tí ẹ fi pín owó, tí gbogbo yín fọwọ́ sí, òun ni ẹ̀rí rẹ̀. Ẹ tọ́jú rẹ̀ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ará Àjàṣẹ́

Mo kí gbogbo yín láti Àjàṣẹ́. Tiwa yàtọ̀ díẹ̀ níhìn-ín. Orílẹ̀-èdè Benin àti Togo wà lábẹ́ òfin OHADA, òfin òwò kan náà tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan jọ ń lò, Nàìjíríà ò sí níbẹ̀. Òfin alájẹṣẹ́kù tí wọ́n fọwọ́ sí ní Lomé ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2010 gba èèyàn márùn-ún láàyè láti dá alájẹṣẹ́kù oníwọ̀nba sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ ni Ọmọ Agodi àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wà, wọ́n ti pé. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé ohùn kan ni ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní, iye yòówù tó dá. Kò sí bí olówó inú yín ṣe lè fi owó gba ẹgbẹ́ lọ́wọ́ yín.

Bí ẹ bá ń bá ará Nàìjíríà ṣiṣẹ́ pọ̀ láti ọ̀dọ̀ wa, ẹ jẹ́ kí àdéhùn sọ irú owó tí ẹ ó fi pín. Àwa ń ná CFA, ẹ̀yin ń ná náírà, oníbàárà ń san dọ́là. Dọ́là ni kí ẹ fi pín, kí kálukú ṣẹ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀.

Akọkóòdù Yábàá

Òótọ́ pọ́ńbélé. Àwọn tó pín owó ní náírà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 kò gbàgbé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oṣù náà pẹ̀lú dọ́là tí kò tó ₦480 ní báńkì, báńkì àpapọ̀ jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ láàárín oṣù, kó sì tó parí, ó ti kọjá ₦700. Ẹni tí wọ́n ti ṣèlérí náírà fún ń wo ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Adáṣẹ́ṣe Abẹ́òkúta

Ẹ má bínú o, èmi yàtọ̀ sí yín díẹ̀. Gbogbo òfin àti ìforúkọsílẹ̀ yìí lè pọ̀ jù fún àwọn tí kò tíì jọ ṣe iṣẹ́ kan parí rí pẹ̀lú owó nínú rẹ̀. Èmi ń dá ṣiṣẹ́, mo sì ní àwọn tí mo máa ń pè bí iṣẹ́ bá pọ̀. Èmi ni mò ń bá oníbàárà ṣe àdéhùn, èmi náà ni mò ń gba ewu rẹ̀. Mo bá kálukú ṣe àdéhùn tirẹ̀ lọ́tọ̀, bí iṣẹ́ bá parí, a pín gaarí. Kò sí àpò ẹgbẹ́, kò sí ìpàdé. Ìmọ̀ràn mi ni kí Ọmọ Agodi ṣe iṣẹ́ Kánádà yìí báyẹn, kí wọ́n fi wo ìwà ara wọn. Bó bá dùn mọ́ wọn, kí wọ́n wá di ẹgbẹ́.

Ọmọ Agodi

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n Abẹ́òkúta. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ohun tó ń dà mí láàmú nínú rẹ̀ ni pé bí oníbàárà ò bá sanwó, èmi nìkan ni gbèsè máa já lé. Mi ò sì fẹ́ di ọ̀gá lórí àwọn ọ̀rẹ́ mi.

Ìyá Ìbejì Manchester

Ọmọ Agodi, ìdáhùn tó o fún wọn yẹn gan-an ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Bí o kò bá fẹ́ di ọ̀gá lórí wọn, ẹgbẹ́ lo ń wá, torí náà ẹ ṣe é bí ẹgbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Àwọn kan ti ṣe é, ó sì dúró.

Ẹ wo Igalia ní A Coruña, ní orílẹ̀-èdè Spain. Ọdún 2001 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ló ni ín, kò sí ọ̀gá, ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló ń pinnu. Àwọn yìí wà lára àwọn tó ń kọ kóòdù inú Chromium àti WebKit, tí Chrome àti Safari fi ń ṣí ojú ìwé fún wa. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé iṣẹ́ ọmọdé ni. Níbí ní Britain, ọdún 2016 ni àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kó ara wọn jọ sábẹ́ CoTech, wọ́n ń gbé iṣẹ́ fún ara wọn. Àwọn ará Argentina ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú, láti 2012, FACTTIC ni wọ́n ń pe tiwọn. Èyí tó sún mọ́ tiyín jù lójú mi ni Enspiral ní Wellington, New Zealand, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2010. Àwọn adáṣẹ́ṣe ni wọ́n níbẹ̀rẹ̀: kálukú ń ní iṣẹ́ tirẹ̀, ó ń yọ díẹ̀ nínú owó rẹ̀ sínú àpò, wọ́n á sì jọ pinnu ohun tí owó náà máa ṣe.

Ìpinnu yẹn gan-an ni mo fẹ́ dúró lé. Àpò tí kò ní iṣẹ́ tó ń ṣe, ìjà ló ń bí. Nígbà tí mo bí àwọn ìbejì mi, àpò ẹgbẹ́ wa ló ń sanwó fún mi títí mo fi lè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa gba iṣẹ́ mi ṣe, ó gba owó rẹ̀ pé pérépéré, oníbàárà kò sì lọ. Bó bá jẹ́ pé mò ń dá ṣiṣẹ́ ni, oníbàárà yẹn á ti wá ẹlòmíràn kí àwọn ọmọ mi tó pé ogójì ọjọ́. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ yín kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú. Ẹ má dúró di ìgbà tí oyún bá wà kí ẹ tó máa tọrọ rẹ̀ bí àánú. Àìsàn náà ńkọ́, òkú òbí náà ńkọ́: ẹ kọ iye oṣù tí ẹgbẹ́ máa gbé èèyàn ró.

Ní ti oníbàárà tí kò sanwó, ìlànà tiwa nìyí. Ẹni tó ti gbé iṣẹ́ tirẹ̀ kalẹ̀ á gba ìdajì owó rẹ̀ láti inú àpò. Ẹni tó mú oníbàárà náà wá kò ní gba owó ìmúwá títí oníbàárà á fi san. Èyí ń jẹ́ kí ẹni tó ń mú iṣẹ́ wá yẹ oníbàárà wò dáadáa kó tó mú un wá.

Olùṣọ́ Sáfà

Ẹ ti sọ̀rọ̀ owó, ẹ sọ ti òfin, ẹ kò tíì dárúkọ kọ́kọ́rọ́. Ta ló di kọ́kọ́rọ́ mú? Iṣẹ́ mi ni kí n máa bójú tó sáfà fún oríṣiríṣi àwọn ẹgbẹ́, ibi tí wàhálà ti ń bẹ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Bí kóòdù ẹgbẹ́ bá wà lábẹ́ orúkọ Agodi lórí GitHub, ibi tí àwọn akọkóòdù ń tọ́jú kóòdù sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lójú GitHub, Agodi ló ni ín. Ẹ ṣí organization (àkáǹtì ẹgbẹ́) fún ẹgbẹ́, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ fi èèyàn méjì ṣe owner, ìyẹn ẹni tó ní àṣẹ lórí rẹ̀, ó kéré tán. Dómẹ́ènì, ìyẹn orúkọ wẹ́ẹ̀bù yín, ìmeèlì ẹgbẹ́ ni kó wà lórí rẹ̀, kó má jẹ́ ti ẹni tó ṣèèṣì ní káàdì dọ́là lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kí èèyàn tó lè wọlé, ẹ má jẹ́ kó máa lọ sórí síìmù ẹnì kan ṣoṣo. Bí fóònù yẹn bá sọnù nínú mọ́tò láti Ìwó Road sí Dùgbẹ̀, gbogbo sáfà yín dúró níbẹ̀ nìyẹn. Ti oníbàárà sì ni ti oníbàárà: kó ṣí sáfà rẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, kó fi káàdì tirẹ̀ san án, kó wá fún yín láyè wọlé.

Bí ẹnì kan bá ní òun ń lọ, ẹ ṣe gbogbo èyí lọ́jọ́ náà gan-an, bí ẹ tilẹ̀ jọ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú organization. Ẹ pààrọ̀ password dátábéèsì. Ẹ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ API ìsanwó (ọ̀rọ̀ àṣírí tí áàpù fi ń bá ilé iṣẹ́ ìsanwó sọ̀rọ̀), torí ó ti lè wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Kó kọ ojú ìwé kan nípa ibi tó bá iṣẹ́ dé: ohun tó parí, ohun tó kù, ohun tó ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n tí kò dá a lójú. Kí ẹ sì san owó rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ yín, yàtọ̀ sí èyí tí gbogbo yín ti gbà láti dá dúró. Ẹgbẹ́ tó bá fi owó há èèyàn lọ́wọ́ kí ó má baà lọ, kò ní rí ẹni rere tí yóò tún wọlé.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni kóòdù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òfin Copyright ti Nàìjíríà, ti ọdún 2022, ka kóòdù mọ́ ohun tí èèyàn kọ, bí ìwé ni, kò sì sí bí ẹ ṣe lè gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn pátápátá láìkọ ọ́ sílẹ̀. Nítorí náà ìwé méjì lẹ nílò. Nínú àkọ́kọ́, kálukú gbé ẹ̀tọ́ kóòdù tó kọ fún ẹgbẹ́. Nínú ìkejì, ẹgbẹ́ gbé e fún oníbàárà, ní ọjọ́ tó bá san owó tó gbẹ̀yìn tán. Àwọn irinṣẹ́ tí ẹ ti kọ tẹ́lẹ̀ tí ẹ máa ń tún lò níbi gbogbo, ẹ yà á sọ́tọ̀ nínú àdéhùn: oníbàárà lè lò ó, ṣùgbọ́n ẹ kò tà á fún un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó ta irinṣẹ́ kan náà fún ẹni méjì.

Ọ̀dọ́ Òṣogbo

Ẹ̀gbọ́n, mo ti kọ gbogbo èyí sílẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù lọ́kàn mi. Ọ̀kan nínú wa ní àkáǹtì tó dára lórí Upwork, ibi tí àwọn adáṣẹ́ṣe ti ń rí oníbàárà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní ìràwọ̀ púpọ̀. Ṣé a lè jọ máa lò ó?

Akọkóòdù Yábàá

Rárá o. Ẹ má dán an wò. Ẹnì kan ló ni àkáǹtì ẹnì kan níbẹ̀. Bí wọ́n bá rí i pé ẹlòmíràn ń wọlé, wọ́n lè tì í pa, ìràwọ̀ tó kó jọ láti ọdún yìí wá á sì bá a lọ. Agency, ìyẹn àkáǹtì ẹgbẹ́, wà níbẹ̀ fún irú yín. Ẹ ṣí i, kí kálukú wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀. Oníbàárà náà ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹni tó ń kọ kóòdù òun. Bí o bá ń fi orúkọ lágbájá bá a sọ̀rọ̀, ọjọ́ tó bá ní ká rí ara wa lójú fídíò, kí lẹ máa ṣe?

Ará Àjàṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un, Ọmọ Agodi. Gbogbo yín wà ní Ìbàdàn. Ẹ wá ẹnì kan tàbí méjì ní ìlú mìíràn tí ẹ bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, tí àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun bàjẹ́ létíkun Abidjan, Nàìjíríà àti Benin wà lára àwọn tó kàn. Àwọn tó ní ènìyàn ní Kenya tàbí ní Yúróòpù rí ẹni bá wọn kọ̀wé sí oníbàárà pé, ẹ fara balẹ̀, iṣẹ́ yín kò sọnù. Ní ti iná, inú àpò ẹgbẹ́ ni kí ẹ ti ra sólà àti bátìrì, kí ẹ gbé e sílé ẹni tó ní àyè, kó sì di mímọ̀ pé ti ẹgbẹ́ ni.

Ọmọ Agodi

Ẹ kú ìnáwó ọpọlọ, ẹ̀yin àgbà. A ti jókòó lórí rẹ̀. A ti jọ gba ìdá mẹ́wàá fún àpò, a gba pé iye ni a ó máa dá lé iṣẹ́, a kò ní fi wákàtí pín in. LLP la máa ṣe. Àǹtí Manchester, ọ̀rọ̀ ìbímọ àti àìsàn ti wọ inú rẹ̀, oṣù mẹ́ta ni a kọ́kọ́ kọ. Ẹni tó ń ya àwòrán nínú wa, obìnrin ni, òun ló kọ gbólóhùn náà. Ọ̀rọ̀ GitHub, a ti ṣí organization, èmi àti ẹni tó ń bójú tó sáfà ni owner.

Ibi tí a há sí: oníbàárà Kánádà ní òun máa san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe ń ṣe. Ẹ̀rù ń bà wá láti sọ pé rárá kí iṣẹ́ má baà bọ́.

Oníṣirò Àkúrẹ́

Ẹ sọ pé rárá, kí ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ rò ó wò: bí kò bá san, ta ni yóò lọ pe ẹjọ́ ní Kánádà? Owó lọ́yà ibẹ̀ lè ju owó iṣẹ́ lọ. Àdéhùn yín lè dára bí ti ilé ẹjọ́ gíga, ohun tó ń dáàbò bo yín gan-an ni pé kí gbèsè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ má pọ̀ nígbà kankan.

Ìyá Ìbejì Manchester

Ẹ kọ ọ́ báyìí sí i: ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún kí a tó bẹ̀rẹ̀, ọgbọ̀n míì nígbà tí o bá rí ìdajì rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́, ọgbọ̀n nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé lórí sáfà ìdánwò wa, mẹ́wàá tó kù lẹ́yìn ọjọ́ ọgbọ̀n tó ti ń lò ó. Mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn yẹn ni ẹ ó fi ṣe èyí tí Yábàá ní kí ẹ dá dúró. Sáfà ìdánwò jẹ́ tiyín, kóòdù kò sì kúrò níbẹ̀ lọ sí tirẹ̀ títí ọgbọ̀n kẹta á fi wọlé. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé lẹ́yìn ìpele kọ̀ọ̀kan, ó lè dúró bí iṣẹ́ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, owó tó kù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oníbàárà tó ní owó, tó sì fẹ́ san án, á rí i pé èyí dáàbò bo òun náà. Ẹ fi ránṣẹ́ lónìí, lórúkọ ẹgbẹ́, kí gbogbo yín wà nínú ìmeèlì náà.

Ọmọ Agodi

A ti fi ránṣẹ́, àwa márààrún wà nínú rẹ̀. Bó bá ti fèsì, mo máa kọ ọ́ síbí.